Aṣọ yìgì Táyé: ohun tí ojú mi rí láàárín Àjàṣẹ́ àti Kútọnù

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Bẹ̀nẹ̀,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun ìṣáì

Ìyá Táyé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Báwo ni Àbíján? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Àwa wà níbí o. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀fọn ti dé, iná ń lọ ó ń bọ̀. Owó aṣọ dé ọwọ́ mi pé pérépéré lọ́jọ́ Ajé. Mo ti rà á, ọ̀pá mẹ́fà-mẹ́fà lọ́nà 30. Èyí tí mo gé sínú ẹrù yìí ni àpẹẹrẹ ẹ̀, fọwọ́ kàn án kí o tó wí nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wà láàárín èmi àti ìwọ. Nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́, o ní kí n má wulẹ̀ dá ara mi láàmú l'Àjàṣẹ́, pé kí ló wà níbẹ̀, pé ọjà Tọ̀kpá ní Kútọnù ni kí n gbà lọ. Ìwọ! Ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn mọ́ṣálásí ńlá, tó máa ń bá àwọn àlejò jiyàn pé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, pé àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì bọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ ló fún un lójú bẹ́ẹ̀! Ìwọ ló ń bi mí pé kí ló wà l'Àjàṣẹ́? Mo ní kò burú. Mo gbọ́ tìẹ, mo lọ sí Kútọnù.

Mo jáde nílé lẹ́yìn àsúbà. Takisí tí mo wọ̀, a jẹ́ mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ìgbáròkó obìnrin kan sì wà lórí itan mi dé Ṣẹ̀mẹ̀. Bíi 30 kìlómítà ni ọ̀nà náà, o mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bi àwọn tó ń sùn sí Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnù léèrè bí ó ṣe ń gùn tó láàárọ̀. A dúró níbi tí wọ́n ti ń gbowó ojú ọ̀nà l'Ẹ̀kpẹ̀. Nígbà tí a dé Akpakpa ní Kútọnù, a kàn jókòó síbẹ̀ ni nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mo ń ka ìgò kpàyó, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní 2023 ni kpàyó ti gbówó lórí, àwọn ọlọ́kadà zẹ́mì náà sì mú tiwọn lé e. Oòrùn ti ga kí a tó gun afárá bọ́ sí òdìkejì ọ̀sà.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, Tọ̀kpá ni Tọ̀kpá ń jẹ́. Àǹkárá tó wà ní ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀, bí o bá kó gbogbo ti Àjàṣẹ́ jọ, kò tó o. O sọ Yorùbá, wọ́n dá ọ lóhùn. O bọ́ sí Gùn, wọ́n bá ọ bọ́ sí i. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ń fi Fọ̀n ná ata, ẹnì kan ń fi Míná bú alábàárù. Ọkọ̀ ojú omi ń já ẹja àti igi ìdáná sílẹ̀ létí ọ̀sà. Wọ́n á tì ọ́, wọ́n á tún ní kí o máa bínú. Àyà mi ń já, orí mi sì ń wú. Mo rí aró tó ní ẹyẹ alápáǹdẹ̀dẹ̀ tí o fẹ́ràn. Àwọn kan ní owó ni ẹyẹ yẹn, pé ṣe ló ń fò lọ. Mi ò bá wọn sọ ọ́, torí owó rẹ wà nínú ìkómú mi.

Ọmọdébìnrin tó ń tà á fi 500 fáráǹkì dín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iye tí wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wa. Lọ́nà 30, 15,000 nìyẹn. Mo ti ń rẹ́rìn-ín nínú. Mo tọrọ èènì, ó fún mi ní ọ̀rá dúdú kan. Ó ní ọ̀rá náà ni èènì.

Lẹ́yìn ìyẹn mo ní kí n rìn díẹ̀, kí n má bàa dà bí ará oko. Títì wọn dán, ìyẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé àwọn tó ń tajà létí ọ̀nà ní 2017, o lè rìn jìnnà láìfẹsẹ̀ gbá igbá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ebi pa mí, mo ń wá àkàrà, mi ò rí. L'Àjàṣẹ́, kí o tó ronú kan àkàrà, ìyá kan ti ń dín in níwájú ẹ. Mo wọ ilé ìtajà kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, mo mú ọṣẹ àti bísíkíìtì, mo sanwó, mo jáde. Kò sẹ́ni tó kí mi, kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló fẹ́ ṣe ìnáwó. Fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, mà á padà sórí ẹ̀.

Mo délé ní mọ̀ǹgàríbà. Mo nà wọ́n lórí tábìlì iṣẹ́ mi, torí aránṣọ ni mí, mi ò lè gba aṣọ gbọ́ láìwọ̀n ọ́n. Méjì nínú wọn ò pé ọ̀pá 6. Ọ̀kan dín díẹ̀, èkejì dín débi pé bùbá nìkan ló lè jáde nínú ẹ̀. Mo pe nọ́ńbà tí ọmọ yẹn kọ fún mi, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Kí n padà lọ? Takisí àlọ, takisí àbọ̀, ìjókòó tí mo sanwó ẹ̀ fún ẹrù nìkan, alábàárù, zẹ́mì, omi: mo ti ná 7,200 ná, mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Ọjọ́ kan tí mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mi ò kà á mọ́ ọ lọ́rùn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo gba ọ̀dọ̀ Àlájà lọ, àwọn tó ń ta aṣọ lẹ́bàá mọ́ṣálásí, tí wọn kì í jáde láìlé tìróò. Aró alápáǹdẹ̀dẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn! Kí n tó lanu, wọ́n ní, "O gba Kútọnù lọ, o wá gba ọ̀dọ̀ mi bọ̀." Ta ló sọ fún wọn? Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fi ọ̀pá igi wọn tó ti gbó yẹn wọ̀n ọ́n lójú mi, wọ́n tún fi bí ìka mẹ́rin lé e ní èènì. Mo ní owó mi ò pé, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kó kúrò nílùú ni.

Mẹ́rin péré ló wà lọ́dọ̀ wọn o, kí n sọ òtítọ́. Ká ní ọ̀dọ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ lọ, a ò bá ṣì máa kó 30 ọ̀hún jọ díẹ̀díẹ̀ títí oṣù á fi parí. Mo wá bi wọ́n pé níbo làwọn náà ti ń rà á. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé. "Tọ̀kpá ni, níbo lo rò?" Ìyá Táyé, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi. 500 tí mò ń sá fún, owó ẹsẹ̀ Àlájà ni. Àwọn ni wọ́n ń jókòó ní Akpakpa dípò mi, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n níwájú ọlọ́jà kí wọ́n tó sanwó, tí wọ́n tún ń gbé e fún mi láwìn. Èmi wá fi 7,200 ra ẹsẹ̀ ti ara mi.

Ọ̀rọ̀ Kútọnù yìí ò fi ilé wa sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Àbíkẹ́yìn mi dé láti ilé-ìwé tó ń sunkún. Wọ́n bi wọ́n ní olú-ìlú Bẹ̀nẹ̀, ó kọ Kútọnù, tísà fi yíǹkì pupa fà á. Ó jókòó tì mí tó ń bi mí. Ààfin Ààrẹ ńkọ́? Kútọnù. Àwọn mínísítà ńkọ́? Kútọnù. Ibi tí bàálù ń bà sí? Kútọnù. "Kí ló wá kù fún wa, Màmá?" Mo ní ilé aṣòfin wà lọ́dọ̀ wa, àti pé ìwé òfin 1990 kọ orúkọ Àjàṣẹ́ sí ẹsẹ̀ kìn-ín-ní gan-an. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Orí ìwé nìkan." Bàbá mi tó ń gbọ́ wa lórí ẹní ní èbúté ńlá tí wọ́n ṣí ní 1965 ló kó ọjà wa lọ, pé ibi tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí lowó ń gúnlẹ̀ sí. Wọ́n yí ojú sí ògiri, wọ́n sùn.

Nǹkan tó kù, má tún dárúkọ Tọ̀kpá fún mi. Adìyẹ, oko Songhaï níbí l'Àjàṣẹ́ ni mo ti máa rà á. Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń yọjú wo ẹja inú adágún wọn nígbà tí fadá Nzamujo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá oko yẹn sílẹ̀? 1985 nìyẹn, a ò tíì máa wọ bàtà. Ìkòkò amọ̀ tí o ní kí omi àwọn àgbà wà nínú ẹ̀, mà á lọ wò ó ní Àjàrá, ọrọọrún ni ọjà wọn, èyí tó ń bọ̀ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Àwọn onílù náà wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kí o fi sọ́kàn rè é. Aṣọ tí mo ra lọ́dọ̀ Àlájà ò tíì délé tí àǹtí ọkọ rẹ fi wọlé tọ̀ mí wá, tí ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní ṣé ẹnu aláṣọ ló yẹ káwọn ti gbọ́ yìgì Táyé. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo gé ọ̀kan fún wọn lójú ẹsẹ̀, nítorí náà 29 ló kù, má kà á sí olè. Pè wọ́n lálẹ́ òní, jọ̀wọ́. Wúrà ọrùn ìyàwó àti àwọn aṣọ abẹ́ tí o kọ orúkọ wọn sí bébà, Kútọnù ni mo ti máa rà wọ́n, mi ò ní ná wọn níbí.

Wọn àyà àti ìbàdí Kẹ́hìndé fún mi, kí n bẹ̀rẹ̀ sí í gé tirẹ̀. Bébà ni kí o kọ ọ́ sí, kí ẹni tó gbé ẹrù yìí wá bá mi mú un bọ̀. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ọwọ́ àwọn ọmọ ló máa ń wà, àwọn ọmọ wọ̀nyí sì ń ṣeré lọ́dọ̀ Àlájà.

Èmi ni tìẹ,
Ìyá Sàkírà