Àdùkẹ́, iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ dùùrù yẹn, má jẹ́ kó sú ọ

Abẹ́òkúta

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní ṣé o ń jẹun. Mo gbọ́ ohùn dùùrù ilé sinimá tí ẹ̀ ń tún ṣe, dùùrù aláfèrè tí wọ́n fi ń kọ orin sí fíìmù nígbà tí fíìmù ò tíì ní ohùn, èyí tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo gbọ́ ọ títí bátìrì fóònù mi fi kú. Àwọn kan nínú ẹbí ń bi mí bóyá torí kí o lè máa nu eruku ara fèrè àtijọ́ lo ṣe lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti dá wọn lóhùn. Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí o kọ ọ́ sí mi pé iṣẹ́ abẹ́lẹ̀, títún wáyà, awọ àti fèrè ṣe níbi tí èrò ò ti rí ọ, ti sú ọ, pé kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí o jókòó tẹ dùùrù fún èrò.

Má jẹ́ kó sú ọ. Abẹ́lẹ̀ yẹn ni dùùrù náà wà. Ibi tí wọ́n ń jókòó sí tẹ̀ ẹ́, ẹnu ọ̀nà lásán ni.

Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ iná àti tẹlifóònù ni Robert Hope-Jones ń ṣe kó tó di ẹni tí ń kọ́ dùùrù? Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, Amẹ́ríkà ló kó lọ, ó sì dara pọ̀ mọ́ Wurlitzer, iléeṣẹ́ tó ń ṣe dùùrù, ní 1910. Èmi tí mo dàgbà sínú yàrá exchange tẹlifóònù, nígbà tí mo rí fọ́tò àpótí relay tí o fi ránṣẹ́, àwọn swíìṣì kéékèèké tí iná ń ṣí tó sì ń pa, ẹ̀rín pa mí. Iṣẹ́ wa nìyẹn! Ìka rẹ tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, iná kékeré gba inú wáyà lọ sí yàrá tí fèrè wà, mágínẹ́ẹ̀tì fà, atẹ́gùn tú jáde nínú ẹwìrì awọ kékeré kan, ẹwìrì náà pa pọ̀, ó fa fáàfù ṣí, fèrè ké. Torí pé wáyà ló ń ránṣẹ́, ọ̀wọ́ fèrè kan ṣoṣo lè jẹ́ ìpè láti orí kíbọ́ọ̀dù yòówù, kó sì dún lókè, kó dún nísàlẹ̀. Ohun tí Hope-Jones fi fún Wurlitzer nìyẹn.

Nítorí náà, gbọ́ tèmi. Kí o tó tú wáyà kan, ya fọ́tò rẹ̀, so páálí pélébé mọ́ ọn, kọ nọ́ńbà sí i. Má gbẹ́kẹ̀ lé orí rẹ, orí a máa gbàgbé. Tí o bá ń pààrọ̀ awọ ẹwìrì, gúlúù awọ ẹran tí wọ́n ń gbé kaná ni kí o fi lẹ̀ ẹ́, bó ti wù kó máa rùn tó. Gúlúù funfun inú ike yẹn á mú un dáadáa, àmọ́ ẹni tó bá máa tún un ṣe lẹ́yìn rẹ á ya igi ya awọ kó tó lè ṣí i. Ti àtijọ́, omi gbígbóná lásán ti tó. Skúrù tó bá ti dípẹtà, má bá a jà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Wọ́n lè ní ẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà rọ́pò relay. Èmi ò kọ̀ ọ́, mo mọ bí relay ṣe ń dá wàhálà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kó ti àtijọ́ dà sí ààtàn. Ẹ dì í, ẹ kọ orúkọ sí i, ẹ gbé e pamọ́.

Ìwọ náà ti gbọ́ dùùrù Wurlitzer tó wà ní Troxy, gbọ̀ngàn eré ní Lọ́ńdọ̀nù. Sinimá Trocadero ní Elephant and Castle ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí ní 1930, ọ̀wọ́ fèrè 21, kíbọ́ọ̀dù mẹ́rin. Wọ́n wó sinimá yẹn ní 1963. Ká ní àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ò tètè rà á, kí wọ́n tú u, kí wọ́n kó o lọ, inú àlàpà ni ì bá bá lọ. Dùùrù tíátà ti BBC, tí wọ́n gbé sí St George's Hall ní 1936 kò rí ẹni gbà á là. Bọ́ǹbù ló pa á run ní 1941. Tí àyè bá sì gbà ọ́, lọ sí sinimá àtijọ́ Gaumont State ní Kilburn. Ilé ìjọsìn ni báyìí, ṣùgbọ́n Wurlitzer tí wọ́n gbé sí i ní 1937 ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn bàbá arúgbó tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n bá ní kí o máa pe àwọn lórúkọ, pè wọ́n. Ṣùgbọ́n má jókòó kí bàbá máa gbé àkàbà. Máa gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò sí nínú ìwé.

Tó bá wá kan títẹ̀: fèrè jìnnà sí ọ, ohùn á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí rẹ. Má dúró dè é. Ìka ni kí o máa tẹ̀ lé. Àwọn pátákó tó ń ṣí tó ń pa dé níwájú yàrá fèrè, bíi fèrèsé louvre ilé wa, ẹsẹ̀ rẹ ló ń darí wọn, ibẹ̀ ni adùn wà. Ìlù, agogo àti ohùn ẹyẹ, fi wọ́n sílẹ̀ de ìgbà tí fíìmù aláìlóhùn bá ń lọ. Ojú rẹ kó máa wo fíìmù nígbà náà, kó má wo ọwọ́.

Má sì gbàgbé Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orin sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ekundayo Phillips ní Kàtídírà Marina l'Ékòó ló ti kọ́ dùùrù, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ṣiṣẹ́ atẹdùùrù tíátà fún BBC nígbà ogun Hitler. Ọwọ́ kan náà ló fi kọ orin dùùrù rẹ̀, Oyigiyigi àti Obangiji. Tẹ ọ̀kan nínú wọn fún àwọn òyìnbó yẹn, ṣùgbọ́n pa tremulant, èyí tó ń mú ohùn fèrè gbọ̀n, kí o tó bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí orin yẹn máa gbọ̀n.

Má fi iṣẹ́ oṣù rẹ sílẹ̀ o. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe dùùrù yìí, onílé ò sì ní gba fèrè lọ́wọ́ rẹ.

Fọ́tò ẹ̀yìn àpótí relay ni mo ń retí báyìí, iwájú ti tó. Wò ó bóyá òwú ni wọ́n fi bo wáyà rẹ̀. Tó bá jẹ́ òwú, má tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ títí a ó fi sọ̀rọ̀ lálẹ́ Sátidé. Gààrí tí o bèèrè ti wà lọ́wọ́ ìyá Bọ́lá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ