Èyí Tí Ọwọ́ Rẹ Ti Mọ̀ Ni Kí O Mú

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara le, pé iṣẹ́ ń lọ. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń ro ohun tí n óò fi dá ọ lóhùn. O ní o fẹ́ kọ áàpù tí yóò máa tọ́jú orin ẹgbẹ́ akọrin yín: ọ̀rọ̀ orin, ẹni tó máa ń lé e, ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ kẹ́yìn. O wá to èdè kọ̀ǹpútà mẹ́fà àti framework mẹ́rin (egungun áàpù tí ẹlòmíì ti kọ, tí a lè kọ́ tiwa lé lórí) sílẹ̀ pé kí n bá ọ mú ọ̀kan. Mo ka orúkọ wọn léraléra. PHP, èdè tí o ti fi ń jẹun láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, kò sí níbẹ̀ rárá. Òun gan-an ló mú mi kọ lẹ́tà gígùn yìí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. O rántí pé mo ń wá ohun tí n óò fi máa kọ orúkọ ìwé tí mo kà sílẹ̀, àti èyí tí mo yá ènìyàn. Nígbà àkọ́kọ́, kò sí ohun tí mo mú tí kì í ṣe tuntun sí mi: èdè tuntun, framework tuntun, dátábéèsì (ibi tí áàpù ń kó ohun tó ń tọ́jú sí) tí mi ò fọwọ́ kàn rí, ọ̀nà tuntun tí n óò fi gbé e sórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù ti ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ṣàìsùn. Bí nǹkan bá bàjẹ́, mi ò mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò, bóyá èdè ni, bóyá framework ni, bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi wákàtí mẹ́rin wá ìdí tí ojú ìwé àkọ́kọ́ fi ń ṣí ní òfìfo. Nígbà tí n óò fi rí i, lẹ́tà ńlá kan ṣoṣo ni, nínú orúkọ fáìlì. Lójú láptọ́ọ̀pù mi, ńlá àti kékeré ò yàtọ̀. Lójú server, fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Oṣù mẹ́ta pé, mi ò tíì kọ orúkọ ìwé kan sínú rẹ̀.

Iṣẹ́ wá gbà mí lọ́wọ́, mo pa á tì fún bí oṣù márùn-ún. Ọjọ́ tí mo padà sídìí rẹ̀, kò ṣí mọ́. Àwọn package tó gbára lé, ìyẹn kóòdù tí àwọn ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀ fún lílò, ti yí padà, èyí ò bá tọ̀hún mu mọ́, èmi náà ò sì rántí ìdí tí mo fi kọ ìdajì kóòdù ọ̀hún bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èmi nìkan nirú rẹ̀ ń bá o. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ẹnì kan yọ package kékeré kan tó ń jẹ́ left-pad kúrò lórí npm, ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti máa ń gba package lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlà kóòdù mọ́kànlá péré ni, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé dá dúró lọ́jọ́ náà, títí kan àwọn tí kò mọ̀ rí pé left-pad wà nínú ohun tí wọ́n ń lò.

Níbi iṣẹ́, bí o bá gbàgbé, ẹlòmíì á rántí. Nínú èyí tí o fẹ́ ṣe yìí, ìwọ nìkan ni, lálẹ́, lẹ́yìn tó ti rẹ̀ ọ́. Wàá pa á tì fún ìgbà pípẹ́, má tan ara rẹ. Nítorí náà, má béèrè èyí tó dára jù nínú wọn mọ́. Béèrè èyí tí o lè pa tì fún oṣù mẹ́fà, tí o máa padà ṣí lálẹ́ ọjọ́ kan, tí yóò sì yé ọ kí o tó lọ sùn.

Nígbà kejì, Python, èdè tí mo ti mọ̀, ni mo mú, pẹ̀lú Django tó jẹ́ framework àti SQLite tó jẹ́ dátábéèsì. Ọjọ́ Sátidé méjì ni mo fi parí rẹ̀. Àwọn tó ń kọ kóòdù fún ìwé ìròyìn kan ní Kansas ní Amẹ́ríkà ló ṣe Django, wọ́n sì gbé e síta fún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Mo rò pé ara iṣẹ́ ìròyìn tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni ló jẹ́ kó rí bó ṣe rí: mo kọ bí ìlà méjìlá láti ṣàpèjúwe ohun tí ìwé jẹ́, ó sì fún mi ní ojú ìwé tí mo ti lè fi ìwé kún un, kí n wá a, kí n pa á rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kejì, mo tẹ orúkọ ìwé àkọ́kọ́ wọlé. Mi ò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó.

SQLite ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ wò. Fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo dátábéèsì rẹ. Kò sí server tí o máa tọ́jú, kò sí ọ̀rọ̀ ìwọlé tí o máa gbàgbé; bí o bá fẹ́ pa á mọ́, ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, ó tán. Richard Hipp ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2000, àwọn tó ń ṣe é sì ti sọ pé àwọn fẹ́ máa tọ́jú rẹ̀ títí di ọdún 2050. Ó wà nínú fóònù tó wà lápò rẹ báyìí, ì báà ṣe Android tàbí iPhone. Orin ẹgbẹ́ yín ò lè wúwo jù fún un.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti fi PHP bú ọ. Má dá wọn lóhùn. Rasmus Lerdorf kọ́kọ́ kọ ọ́ fún ojú ìwé ara rẹ̀, kó lè mọ iye ènìyàn tó ń wá wo ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e síta ní ọdún 1995. Iṣẹ́ àdáni lòun náà fi bẹ̀rẹ̀. Lórí PHP ni Wikipedia ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Bóyá wàá ní o fẹ́ kọ́ nǹkan tuntun. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ mú ẹyọ kan péré, kí ìyókù jẹ́ ohun tó mọ́ ọ lára. Ìwọ tó jẹ́ dátábéèsì MySQL lo ń lò níbi iṣẹ́, jẹ́ kí SQLite jẹ́ tuntun tìrẹ. Nígbà náà, bí nǹkan bá bàjẹ́, o mọ ibi tí o máa kọ́kọ́ wò.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kó bá ọ lójijì, nítorí Yorùbá ni púpọ̀ nínú orin yín. Mo wá ìwé kan nínú áàpù mi tí mo rí kedere lójú ara mi, ó ní kò sí. Àṣé “ọ́” tí mo fi fóònù tẹ̀ àti èyí tí mo fi láptọ́ọ̀pù tẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà nínú ikùn kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan jẹ́ “ọ” tí wọ́n gbé àmì ohùn lé. Èkejì jẹ́ “o” lásán, tí àmì ìsàlẹ̀ àti tòkè dá dúró lọ́tọ̀. Lójú wa, bákan náà ni wọ́n rí. PHP ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Normalizer, nínú àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ intl, tó lè sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà kan. Lò ó kí o tó tọ́jú orin, kí o sì lò ó sórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń wá. Láti ọjọ́ kìíní ni kí o ti ṣe é, nítorí àtúnṣe rẹ̀ lẹ́yìn tí orin bá ti pọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó le, mo ti ṣe é rí.

Ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ kí o dáhùn: ṣé íntánẹ́ẹ̀tì máa ń wà níbi tí ẹ ti ń dánra wò? Bí kò bá sí, a ní láti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orin máa ṣí lórí fóònù wọn láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Service worker, kóòdù kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú bùráúsà fóònù, lè ṣe ìyẹn láìjẹ́ pé o fi PHP sílẹ̀, mo sì ní èyí tí mo kọ tí mo lè fi ránṣẹ́ sí ọ. Dá mi lóhùn lórí ìyẹn, kí o sì ya bí tábìlì orin yín, ìyẹn àtẹ tí orin máa wà nínú dátábéèsì, ṣe máa rí sórí bébà, kí o yà á ní fọ́tò fún mi.

Bá mi kí ará ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.