Ewé kò jẹ̀bi: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí tíì àti omi tí a fi ń ṣe é

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àdúrótì. Àforíjì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tọrọ. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíì, ìlànà kan ṣoṣo ni mo ń tẹ̀ sẹ́yìn gbogbo páálí wa, láìka irú tíì tó wà nínú rẹ̀ sí: ẹ da omi híhó lé e lórí, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ìlànà yìí bá tíì dúdú mu dáadáa. Àmọ́ bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún tíì aláwọ̀ ewé, èyí tí ọ̀pọ̀ yín ń pè ní green tea, ohun tí ẹ óò rí mu yóò korò bíi jogbo. Ó sì ti ń korò fún yín. Àwọn kan dá páálí padà. Ẹnì kan rọra bi mí pé ṣé ewé yẹn kò ti pẹ́ jù lórí àtẹ. Mo délé, mo ṣe é gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ síbẹ̀, mo tọ́ ọ wò, mo sì da ìyókù nù. Ewé kò jẹ̀bi. Èmi tí mo kọ̀wé sẹ́yìn páálí ni mo jẹ̀bi.

A ti ń tẹ páálí tuntun. Kó tó dé ọwọ́ yín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, torí ẹni tó bá ti mọ ìdí rẹ̀ kò ní máa wo ẹ̀yìn páálí mi mọ́.

Igi kan ṣoṣo ni gbogbo tíì ti wá. Camellia sinensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Oríṣi rẹ̀ méjì ló gbajúmọ̀: eléwé kékeré ti Ṣáínà, tó ń fara da òtútù orí òkè, àti eléwé ńlá ti Assam ní Íńdíà, tó fẹ́ràn ooru àti òjò. Tíì funfun, tíì aláwọ̀ ewé, oolong, tíì dúdú, pu-erh, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n ṣe sí ewé lẹ́yìn tí wọ́n já a ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ wo èso ápù tí a gé sílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣú. Afẹ́fẹ́ ló ń bá ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé tíì ń ṣe bí wọ́n bá ti lọ́ ọ títí ara rẹ̀ fi bó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tíì aláwọ̀ ewé kò ní jẹ́ kó débẹ̀ rárá: bí wọ́n bá ti ń já a dé ni wọ́n á ti fi ooru pa agbára tó ń mú un ṣú. Inú agbada gbígbóná ni àwọn ará Ṣáínà sábà ń yan án sí. Ooru omi ni àwọn ará Jàpáànì fi ń sè é. Ìdí rèé tí ti Ṣáínà fi máa ń ní òórùn ohun yíyan díẹ̀, tí ti Jàpáànì sì ń ta sánsán bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ti tíì dúdú yàtọ̀ pátápátá: wọ́n á jẹ́ kí ewé rọ, wọ́n á lọ́ ọ, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ rẹ̀ dópin, kí wọ́n tó gbẹ ẹ́. Tíì dúdú yìí, tíì pupa ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é. Àwọ̀ omi ni wọ́n ń wò, àwọn ará ibòmíràn ń wo ewé. Tíì funfun ni ọwọ́ ń kàn kéré jù: wọ́n kàn ń jẹ́ kó rọ, kó sì gbẹ ni.

Ọ̀rọ̀ kíkorò wá dà? Nínú ewé, àwọn nǹkan tó ń fún un ládùn máa ń yára jáde, kódà nínú omi tí kò gbóná púpọ̀. Àwọn tó ń mú un korò, tó ń gbẹ ahọ́n, ooru ńlá àti àkókò gígùn ni wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n tó tú jáde lọ́pọ̀. Tíì dúdú lè gba omi híhó nítorí afẹ́fẹ́ ti yí púpọ̀ nínú ohun kíkorò yẹn padà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Nínú tíì aláwọ̀ ewé, ó ṣì pé síbẹ̀, ó ń dúró de ẹni tí yóò da omi híhó lé e. Èmi sì ni mo ní kí ẹ dà á.

Nítorí náà, omi tó wà láàárín 70 sí 80°C ni kí ẹ lò fún tíì aláwọ̀ ewé, kí ẹ má sì jẹ́ kí ewé pẹ́ nínú rẹ̀ ju ìṣẹ́jú 2 lọ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ yọ ewé kúrò, tàbí kí ẹ fi asẹ́ sẹ́ omi náà. Ewé tí ẹ bá fi sílẹ̀ sínú ife kò mọ̀ pé ìṣẹ́jú 2 ti pé. Gyokuro, tíì aláwọ̀ ewé kan ti Jàpáànì, tí wọ́n máa ń ta ìbòrí bò lóko kí oòrùn má baà rí i kí wọ́n tó já a, kò tilẹ̀ fẹ́ ju 50 sí 60°C lọ. Tíì funfun lè gba 80 tàbí kó lé díẹ̀.

Ẹ kò nílò ẹ̀rọ tó ń wọn ooru. Àwọn ará Ṣáínà ti ń fi ojú wọn omi láti ayébáyé: bí ìhó tó ń rú láti ìsàlẹ̀ ìkòkò bá kéré bí ojú edé, omi náà ti tó bíi 70, bó bá ti tó ojú akàn, ó ti ń bá 80 lọ, bó bá tó ojú ẹja, ó ti kọjá ohun tí tíì aláwọ̀ ewé ń fẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà tí èmi ń lò rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí omi hó, ẹ dà á sínú ife òfìfo, ẹ tún dà á láti inú ife yẹn sínú òmíràn. Bí ẹ bá ṣe ń gbé e kiri bẹ́ẹ̀ ni ooru ń lọ lára rẹ̀, nǹkan bí 5 sí 10 lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí ẹ bá fi dà á lẹ́ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti bá ewé mu. Ìwọ̀n ewé kò le: gíráàmù 2 sí 3 fún ife mílílítà 200. Ṣíbí kékeré kan ni èyí jẹ́ fún ewé tó wé mọ́ra, ṣùgbọ́n tíì funfun fúyẹ́, ó sì fẹ̀, ó lè gba ṣíbí méjì.

Bí ẹ bá ń rò ó pé níbo ni mo ti rí ìṣẹ́jú 5 mi, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́ tíì wò kí wọ́n tó rà á ni mo ti yí i mú. Ìlànà àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní ISO 3103: gíráàmù 2 fún mílílítà 100, omi híhó, ìṣẹ́jú 6. Mo dín ìṣẹ́jú kan kù, mo rò pé mo ti ṣàánú yín. N kò mọ̀ pé kì í ṣe kí tíì lè dùn ni wọ́n ṣe gbé ìlànà yẹn kalẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń fẹ́ kí gbogbo tíì wà lórí òṣùwọ̀n kan náà, kí àbùkù tó bá wà nínú èyíkéyìí fara hàn.

Oolong ni mo fẹ́ràn jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè díẹ̀ níbí. Àárín tíì aláwọ̀ ewé àti tíì dúdú ló wà, àárín náà sì fẹ̀. Òmíràn súnmọ́ aláwọ̀ ewé, bíi Tieguanyin òde òní láti Anxi ní ẹkùn Fujian ní Ṣáínà, tó ń rùn bí òdòdó. Òmíràn ti ṣú dáadáa, wọ́n tún yan án lórí ẹ̀yinná, bíi ti orí àpáta Wuyi ní Fujian kan náà. Bí ẹ bá ṣe é nínú ife ńlá bí ẹ ṣe ń ṣe tíì yòókù, ẹ óò gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì rí i. Ẹ wá ìkòkò tíì kékeré kan tí kò gbà ju mílílítà 100 lọ. Ẹ kó ewé gíráàmù 5 sí i. Yóò dà bíi pé ó ti pọ̀ jù, ẹ má ṣàníyàn. Ẹ da omi tó tó 95°C lé e, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ sì da gbogbo rẹ̀ sínú ife láìṣẹ́ ẹ̀kán kan kù. Ẹ mu ún. Ẹ tún da omi sí i. Ẹ máa fi àáyá díẹ̀ kún un nígbà kọ̀ọ̀kan. Ewé kan náà yóò fún yín ní ife mẹ́fà tàbí méje, kò sì ní sí méjì tó jọra nínú wọn: ìkíní a máa jẹ́ òórùn ju adùn lọ, ìkẹta ni ara rẹ̀ ń kún, nígbà tó bá fi máa di ìkẹfà, adùn jẹ́jẹ́ ló kù. Kóró ewé tó wé bí ìlẹ̀kẹ̀ á ti tú, ẹ óò rí odindi ewé tí wọ́n já lóko. Gongfu ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí ní Ṣáínà. Ó ń gba àkókò. Kì í ṣe ti àárọ̀ tí èèyàn ń sáré lọ síbi iṣẹ́.

Ti àárọ̀ ni tíì dúdú. Omi híhó, ìṣẹ́jú 3 sí 5, ó parí. Èyí tó wà nínú àpò kéékèèké sábà jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ ti lọ̀ kúnná, tí wọ́n ń pè ní CTC. Ó ń yára tú nítorí ara rẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́, nítorí náà ìṣẹ́jú 2 sí 3 ti tó o. Ẹ má fi ṣíbí tẹ àpò náà mọ́ ara ife. Ohun kíkorò ni ẹ ń fún jáde yẹn. Kẹ́ńyà, tó ń ta tíì dúdú sílẹ̀ òkèèrè ju orílẹ̀-èdè yòówù lọ, irú èyí ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣe, ó sì gba mílíìkì dáadáa. Earl Grey kì í ṣe irú ewé kan lọ́tọ̀: tíì dúdú ni, òróró èèpo bergamot, èso kan tó jọ ọsàn wẹ́wẹ́, ni wọ́n fi sí i.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣebí àwọn ará Íńdíà ń sè tíì lórí iná ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Masala chai ń hó pẹ̀lú ata ilẹ̀, kànáfùrù, mílíìkì àti ṣúgà, ó sì ń dùn. Mílíìkì máa ń so mọ́ ohun tó ń gbẹ ahọ́n, kò ní jẹ́ kó le lẹ́nu. Tíì aláwọ̀ ewé ni àwọn ará Mòrókò náà ń lò pẹ̀lú ewé míǹtì, wọ́n sì ń gbé e kaná. Ṣúgà ni wọ́n fi ń bá kíkorò rẹ̀ jà. Òfin tí mo ṣe wà fún ẹni tó fẹ́ mu ún lásán láìfi nǹkan kan sí i.

Pu-erh ti ẹkùn Yunnan ní Ṣáínà ni wọ́n máa ń tẹ̀ pọ̀ bí àkàrà pẹrẹsẹ, gíráàmù 357 ló sì sábà ń wọ̀n. Wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ẹ fi omi híhó ṣàn án, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, kí ẹ tó mu èyí tó tẹ̀ lé e. Matcha ti Jàpáànì ní tirẹ̀ jẹ́ tíì aláwọ̀ ewé tí wọ́n lọ̀ kúnná: gíráàmù 2, omi 80°C tó tó mílílítà 70, kí ẹ fi ìgbálẹ̀ ọparun kékeré rẹ̀ lù ú títí yóò fi yọ ìfófòó. Ẹ kọ́kọ́ jọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò di kókó.

Rooibos láti òkè Cederberg ní Gúúsù Áfíríkà, òdòdó chamomile, òdòdó ìṣápá pupa: tíì ni a ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ igi yẹn. Àwa tí a ń pe koríko ọba ní ewé tíì kò lè bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Omi híhó, ìṣẹ́jú 5 sí 10. Rooibos kì í korò bó ti wù kó pẹ́ tó nínú omi, kò sì ní kaféènì rárá.

Lórí kaféènì, ife mílílítà 240 tíì dúdú sábà máa ń ní bíi mílígíráàmù 47, ti aláwọ̀ ewé ń ní bíi 28, nígbà tí kọfí ń ní bíi 95. Àwọn kan gbà pé bí a bá fi omi gbígbóná ṣan ewé fún àáyá 30, kaféènì ti lọ. Ìdá kékeré ló ń lọ. Àwọn tí dókítà sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, ẹ jẹ́ kó tó bíi wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mu tíì, nítorí kì í jẹ́ kí ara rí èròjà áyọ́ọ̀nù (iron) inú oúnjẹ gbà dáadáa.

Bí ooru bá mú, ẹ kó ewé gíráàmù 10 sínú lítà omi tútù kan, ẹ gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Kò ní korò, irú ewé yòówù kó jẹ́. Ẹni tí kò ní sùúrù omi 80 rárá, èyí ni mo máa ń júwe fún un. Ewé gbígbẹ fúnra rẹ̀ kò nílò fíríìjì. Agolo tó dé dáadáa ló ń fẹ́, níbi tí kò sí ìmọ́lẹ̀, tó sì jìnnà sí ohun olóòórùn. Ó ń yára gba òórùn ẹlòmíràn mọ́ra.

Ẹ̀yin tí ẹ dá páálí padà, ẹ wá gba òmíràn, n kò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí páálí tíì aláwọ̀ ewé yín ṣì wà nílé, ẹ mú bíró, ẹ fa ìlà sí ibi tí mo ti kọ "omi híhó, ìṣẹ́jú 5", kí ẹ kọ "80, ìṣẹ́jú 2" sókè rẹ̀. Ti tíì dúdú, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Èmi ni,
Ẹni tó ń ta tíì fún yín