Ọ̀rẹ́ láàárín ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ darandaran

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Láti ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni òfin ti ka dídaran ní gbangba léèwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Àmọ̀tẹ́kùn náà sì ń ṣọ́ igbó. Àwọn tí a kì í bi léèrè ọ̀rọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́bìnrin: ọmọ àgbẹ̀ tó ń ta ẹ̀gẹ́ àti ọmọ Fúlàní tó ń ta wàrà. Ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ orúkọ ara wọn.

Ní Wajir, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ìran Sòmálì ń bá ara wọn jà débi pé ìjà náà wọ ọjà àwọn obìnrin. Dekha Ibrahim Abdi, ọ̀dọ́bìnrin ìgbà náà, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìran mìíràn kó ara wọn jọ. Ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ mú: wọ́n yan obìnrin tí yóò máa ṣọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni lè rà kó sì tà, ìran yòówù kó ti wá.

A lè ṣe irú rẹ̀ níbí, láàárín ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ darandaran. Ọmọbìnrin márùn-ún láti apá kọ̀ọ̀kan ti tó. Bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, wọn ò ní í di ọ̀rẹ́. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ Baálé àti Séríkí Fúlàní, ṣùgbọ́n ẹ má fo àwọn ìyá wọn, torí bí ìyá ò bá fọwọ́ sí i, ọmọ ò ní í padà wá. Ẹ̀gbẹ́ ọjà ni kí wọ́n ti máa pàdé, kí wọ́n sì tú ká kó tó di aago mẹ́rin, nítorí ọ̀nà igbó. Iṣẹ́ ni kí wọ́n jọ ṣe: ọmọ Fúlàní a gbé wàrà wá, ọmọ àgbẹ̀ a mú epo àti ata wá, wọn a dín in tà, wọn a pín èrè dọ́gba. Lóṣù àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ ẹni tó pa màlúù sílẹ̀.

Bí ìròyìn bá wá dé sórí WhatsApp pé màlúù ti jẹ oko run, kí ọmọ àgbẹ̀ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn. Oko ta ni? Ebè mélòó? Agbo ta ló gba ibẹ̀ kọjá? Ta ló fojú rí i? Kí tọ̀tún-tòsì jọ ka ebè tó bàjẹ́, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí àwọn àgbà tó dá owó ìtanràn. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ka ebè ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń mú àdá.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ kò lọ́jú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Fúlàní ni kò ní fóònù tiwọn, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ọkọ ló wà, nítorí náà ẹ gba nọ́ńbà méjì. Bí ẹ̀rùn bá mú, agbo lè ṣí, kí ọmọ náà bá wọn lọ. Ẹ ti pèsè arọ́pò sílẹ̀. Owó ọkọ̀ tí kò dọ́gba ń dá ìfura sílẹ̀. Èyí tó burú jù ni fọ́tò: olóṣèlú kan yóò dé, yóò bá wọn ya àwòrán, yóò gbé e sórí Facebook, nígbà tó bá sì di alẹ́, ilé ni wọ́n ti ń pe ọmọ náà ní ọ̀dàlẹ̀.

Bí akọ̀ròyìn yín bá lọ sọ́dọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ iṣẹ́ wọn, ẹ má gbé ojú wọn jáde, ẹ má sì dárúkọ abúlé wọn.

Àwa obìnrin tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ àlàáfíà,
Àkúrẹ́