Ẹ má ka òpó afẹ́fẹ́, ẹ ka epo

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí iná mànàmáná ní Cape Verde, orílẹ̀-èdè erékùṣù inú òkun Àtìláńtíìkì, dùn ún kà, àmọ́ ibi tí ẹni tó kọ ọ́ parí ọ̀rọ̀ sí kò tọ̀nà. Ó ka òpó afẹ́fẹ́, ìyẹn òpó alábẹ̀bẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń yí láti mú iná jáde, ó rí i pé wọ́n pọ̀, ló bá ní wọ́n ti ń bọ́ lọ́wọ́ epo.

Òótọ́ ni pé òpó wà níbẹ̀. Ọgbọ̀n ni àwọn ńlá tí ilé-iṣẹ́ Cabeólica kọ́kọ́ gbé dúró sí erékùṣù mẹ́rin, 850 kílówáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan: 11 ní Santiago, 9 ní Sal, 7 ní São Vicente, 3 ní Boa Vista. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 25.5 (kílówáàtì 25,500), ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń yí. Sólà ti Praia, olú-ìlú wọn tó wà ní Santiago, àti ti Sal tiẹ̀ ti ṣáájú wọn, ní 2010. Síbẹ̀, bí a bá pín iná tí wọ́n lò ní 2023 sọ́nà márùn-ún, bí ìpín mẹ́rin ló ṣì tinú epo jáde.

Erékùṣù mẹ́sàn-án táwọn èèyàn ń gbé kò so wáyà pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ àfẹ́jù ní Sal, wọn ò lè fi iná rẹ̀ ránṣẹ́ sí Praia. Kálukú ló ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀.

Epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ní àwọn erékùṣù ńlá kì í ṣe dísẹ́lì. Epo dúdú ni, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti dísẹ́lì. Owó rẹ̀ kéré, ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n wàhálà rẹ̀ kò kéré. Bó bá tutù, kò ní ṣàn. Wọ́n á gbé e dé nǹkan bíi dígírì 98 kí ẹ̀rọ tó ń yí bírí tó lè yọ omi àti ìdọ̀tí inú rẹ̀, wọ́n á tún gbé e dé nǹkan bí 130 kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Bí ooru bá já lójijì, asẹ́ á dí, pọ́ǹpù á há. Bí ìyọ́mọ́ bá mẹ́hẹ, èérún líle tó bá epo wá láti ilé ìfọpo á máa ha pọ́ǹpù àti sílíńdà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pa á fún ìgbà pípẹ́, dísẹ́lì ni wọ́n á kọ́kọ́ fi ṣan páìpù, kí epo má bàa dì síbẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń tàn, tó ń pa, nígbàkígbà tí afẹ́fẹ́ bá yí padà.

Wọn ò sì lè jẹ́ kó máa yí lásán. Ẹni tó bá ń lo jẹnẹrétọ̀ dísẹ́lì mọ̀ pé bó bá pẹ́ lórí gílóòbù mélòó kan, èéfín á bẹ̀rẹ̀, epo tí kò jóná á máa kán ní sàléńsà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ńlá: kò dára kó pẹ́ nísàlẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀. Ká ní mẹ́gáwáàtì 6 ni ìlú kan ń lò lóru. Ẹ́ńjìnnì méjì oní-4 ló ń yí, torí bí afẹ́fẹ́ bá dáwọ́ dúró lójijì, ọ̀kan kò lè dá a gbé. Àwọn méjèèjì lápapọ̀ gbọ́dọ̀ mú tó nǹkan bí 2.7 jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá wá ń mú 5 wá, nǹkan bí 3.3 ni wọ́n á gbà. Ìyókù, wọ́n á yí abẹ̀bẹ̀ orí òpó kó má gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ mọ́. Epo tí yúníìtì iná kan ń jẹ sì máa ń pọ̀ sí i bí ẹrù ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń fúyẹ́. Ká fi òpó mẹ́wàá mìíràn kún un, ṣé ó máa yí èyí padà? Rárá.

Ohun tó lè jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kejì sinmi ni bátìrì, àti omi tí wọ́n ń fà gun òkè láti tú sílẹ̀ lẹ́yìn náà, irú èyí tí wọ́n ṣètò sí Chã Gonçalves ní Santiago, mẹ́gáwáàtì 20. Èyí tó rọrùn jù, lójú tèmi, ni omi mímu. Inú òkun ni wọ́n ti ń yọ púpọ̀ nínú rẹ̀, 1,000 lítà sì ń gba nǹkan bíi yúníìtì 3 sí 4. Omi ṣeé tọ́jú sínú táńkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yọ iyọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀.

Ìjọba wọn ní àwọn fẹ́ kí ìdajì iná wọn má tinú epo wá mọ́ lọ́dún 2030. Bí ẹ bá tún máa kọ nípa rẹ̀, ẹ béèrè nǹkan méjì: lítà epo mélòó ni wọ́n ń jó fún yúníìtì kan, àti wákàtí mélòó lọ́dún ni erékùṣù kan fi tan iná láìsí ẹ́ńjìnnì epo kankan tó ń yí.

Òǹkàwé yín,
Onímọ̀ ẹ̀rọ iná, Ìbàdàn