Sípánà nọ́ńbà 10 tó sọnù

Ṣọ́ọ̀bù, ọ̀nà Ọ̀bá-Ilé,
Àkúrẹ́.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

O kú iṣẹ́ ojú omi lórí ọkọ̀ ogun tó ń gbé bàálù, o sì kú òtútù Norfolk, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ìbejì.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp dé. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo tún gbọ́ ọ nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ jẹun. Ibi tí o ti ní gbogbo yín máa ń tò láti etí kan dé èkejì lórí dẹ́ẹ̀kì, pèpele òkè ọkọ̀ tí bàálù ń balẹ̀ sí, tí ẹ máa dorí kodò, tí ẹ ó máa ṣa nọ́ọ̀tì àti òkúta wẹ́wẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bàálù má baà fà wọ́n mu, ibẹ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ mẹkáníìkì, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kì í jẹ́ ká lọ sílé láìfi mágínẹ́ẹ̀tì gbá ilẹ̀. A ní ahun ni!

Mo ní ẹjọ́ kan láti rò fún ọ, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lóṣù tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù wá bá mi pé sípánà nọ́ńbà 10 já bọ́ sínú ọkọ̀ oníbàárà, òun ò rí i mọ́. (Nọ́ńbà 10 náà kúkú ni. Ta ló ń jẹ wọ́n?) Mo gbá a létí níwájú oníbàárà. A rí sípánà lórí rọ́bà abẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo sì rò pé ó parí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, píkọ́ọ̀pù kan tó fẹ́ lọ kó kòkó kúrò lọ́dọ̀ wa. Kò tíì wọ ọ̀nà Ìdànrè dáadáa tí táyà iwájú fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Dírẹ́bà náà gbọ́n, ó yà sí ẹ̀gbẹ́. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta nínú mẹ́fà, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi wé e, sípánà ò kàn án. Mo to àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú: ta ló de táyà yìí? Kò sẹ́ni tó fọhùn. Èyí tí mo gbá létí ń wo sálúbàtà rẹ̀. Òun kọ́ ló ṣe é, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ṣe é, ẹ̀rù sì ń bà á láti sọ. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìtàn ọkọ̀ ogun Carl Vinson tí o sọ kò fi kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ogun tí irinṣẹ́ rẹ̀ sọnù lórí dẹ́ẹ̀kì, tó lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ. Wọ́n ní kí bàálù tó wà lókè lọ balẹ̀ sí èbúté títí wọ́n fi rí i. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pe àwọn èèyàn jọ, wọ́n yin ọmọ náà. Kì í ṣe pé wọ́n dárí jì í o, wọ́n yìn ín ni! Tèmi, etí ni mo gbá.

Ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ ogun Forrestal ṣì ń bí mi nínú. Ọjọ́ 29 oṣù Keje, 1967, nítòsí Vietnam, iná mànàmáná ṣe ségesège nínú bàálù kan, rọ́kẹ́ẹ̀tì fò jáde lára rẹ̀, ó lọ gún táǹkì epo bàálù mìíràn. Pín wà tí kì í jẹ́ kó fò, wọ́n ti yọ ọ́ ṣáájú àkókò. Wáyà wà tó yẹ kó dúró dìgbà tí bàálù bá fẹ́ gbéra, wọ́n ti so ó. Kí iṣẹ́ lè yá ni. Ẹni tó fi tiẹ̀ sílẹ̀ gbójú lé ti ẹnìkejì. Bọ́ǹbù ògbólógbòó tí wọ́n kó fún ọkọ̀ náà ò lò ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ nínú iná kó tó bú, ó pa àwọn tó mọ iná pa. Àwọn tó kù wá ń fi omi òkun ṣan fóòmù tí wọ́n fi ń pa iná kúrò lórí epo tó ń jó. Èèyàn 134 kú, 161 fara pa, ìwádìí ò sì dá ẹnì kankan lẹ́bi pé òun ló fà á. Ìyá 134, ta ni kí wọ́n di mú? Ọmọ tó yọ pín ni, àbí ẹni tó kó bọ́ǹbù tó ti gbó wá?

Ti ọkọ̀ ogun Eisenhower lọ́dún 2016 ló yé mi jù, torí iṣẹ́ ẹ̀yin aláṣọ àwọ̀ ewé, tí ẹ ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń dá bàálù dúró, ni. Wáyà tó ń dá bàálù dúró já, ó gbá èèyàn mẹ́jọ, bàálù náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ omi kó tó gbéra padà. Ìwádìí ní àwọn tó tún ẹ̀rọ náà ṣe fo ohun kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ò dúró síbẹ̀: wọ́n tún ní ìwé tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ò kìlọ̀ tó, kò sì ní kí ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo gbọ́ ibẹ̀ tán, mo wo ṣọ́ọ̀bù mi. Ta ló ń yẹ táyà wò lẹ́yìn ẹni tó dè é? Kò sí. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ kan bá de nọ́ọ̀tì tán, òmíràn á tún un de, á sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i. Mo lọ bẹ onípíkọ́ọ̀pù, mo sọ fún un níwájú àwọn ọmọ pé ẹ̀bi mi ni. Ojú tì mí o.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ kékeré yẹn tún dé: bóòtì kan ti dá sí òun lọ́wọ́ nínú ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ mi ti gbéra. Mo tì í bọ àpò, mo ní kó wá fi ibẹ̀ hàn mí.

Bí o bá ń bọ̀ ní Kérésì, bá mi ra nọ́ńbà 10 dání. Mú mẹ́rin.

Èmi ni,
Bàbá Bísí