Orúkọ olóògbé nínú ìwé olùdìbò

Sí Olóòtú,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ yín fún akitiyan yín láti rí i pé àwọn ọ̀dọ́ wa jáde lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ àwa ará ìlú gan-an ló wà. Òun ni ìgbà tí àjọ elétò ìdìbò INEC bá pàtẹ ìwé orúkọ àwọn olùdìbò síta kí gbogbo èèyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Òfin Ìdìbò ọdún 2022, tí wọ́n lò fún ìdìbò ọdún 2023, là á kalẹ̀ pé kí ìpàtẹ náà má dín ní ọjọ́ méje, kó má sì ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ. Láàárín àkókò yìí, ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ tí kò rí orúkọ rẹ̀, tàbí tí wọ́n ṣì í kọ, lè béèrè fún àtúnṣe. Ẹni tó bá sì rí orúkọ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 18, ti ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn tàbí ti ẹni tó ti kú, lè kọ̀wé ta kò ó. Àjọ náà máa ń yan òṣìṣẹ́ tí yóò gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìpinnu rẹ̀ kò bá sì tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ méje, lábẹ́ òfin náà, láti gbé e lọ sọ́dọ̀ kọmíṣọ́nnà INEC ní ìpínlẹ̀ rẹ̀.

Ṣáájú ìdìbò gbogbogbòò ọdún 2023, ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n pàtẹ ìwé náà. Orúkọ 93,522,272 ló wà nínú rẹ̀. Àtakò 53,264 ló wọlé. INEC yẹ̀ wọ́n wò, ó yọ àwọn orúkọ náà kúrò, ó sì ku 93,469,008. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ ará ìlú ń jẹ́ nígbà tí ó bá sọ ọ́. Ó sì tún fi hàn pé a kò sọ̀rọ̀ tó, nítorí pé àwọn kan ti wà nínú ìwé yìí láti ọdún 2011, ikú sì ti mú púpọ̀ lọ láti ìgbà náà.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ ń sa ipá tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà INEC máa ń fi ìtẹ̀ka àti ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan wé ti àwọn yòókù, ìforúkọsílẹ̀ 2,780,756 ni wọ́n sì fagi lé nínú èyí tó parí ní oṣù keje ọdún 2022, títí kan ti àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ìka òkú àti ìka alààyè kò yàtọ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n ti sin bàbá àgbà sí ẹ̀yìnkùlé láìgba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́wọ́ Àjọ Ìkànìyàn. Aládùúgbò ló mọ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn olùdìbò wọ́ọ̀dù wa mọ́ ògiri rẹ̀ lọ́dún náà, àwọn tó wá wò ó kò pọ̀. Àwọn fọ́tò kéékèèké tò tẹ̀lé ara wọn lórí bébà, èèyàn sì ní láti máa fi ìka tọ̀ wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó rí ara rẹ̀. Ìyá àgbà kan rí fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, “Màmá, ẹ lè ní kí wọ́n yọ Bàbá kúrò.” Ìyá ní, “Kí wọ́n yọ wọ́n kẹ̀? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ẹ́.” Ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Lọ́dọ̀ wa, ó ṣòro fún ìyàwó tàbí ọmọ láti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n pa orúkọ olóògbé rẹ́, ẹni tó bá sì ta ko orúkọ ará ilé kejì, ọ̀tá ni wọn yóò pè é.

Síbẹ̀, ẹni tó bá rò pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára, kó rántí ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Ìbò 353 ni ẹni tó wà níwájú fi ju ẹni tó tẹ̀ lé e lọ, ṣùgbọ́n ibùdó ìdìbò méje wà tí ìbò wọn kò wọlé, orúkọ 3,498 ló sì wà nínú ìwé fún wọn. Nítorí pé 3,498 ju 353 lọ, INEC kò kéde ẹnikẹ́ni, àfi ìgbà tí wọ́n tún ìbò dì ní àwọn ibùdó náà ní ọjọ́ 27 oṣù kan náà. N kò dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tó jàre. Ohun tí mo ń sọ ni pé iye orúkọ inú ìwé ni wọ́n fi ṣe ìṣirò yẹn, kì í ṣe iye ẹni tó ṣì lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibùdó ìdìbò.

Orúkọ àwọn tó kó kúrò níbi tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ náà ṣì wà nínú ìwé ibẹ̀. Ẹni tó kó láti Òṣogbo lọ sí Èkó kò gbọdọ̀ tún orúkọ fi sílẹ̀ bí ẹni tuntun, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni; lábẹ́ òfin ọdún 2022, ó lè mú kó san owó ìtanràn ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Kọmíṣọ́nnà INEC ní Èkó ni kó kọ̀wé sí, kó tó ku àádọ́rùn-ún ọjọ́ sí ìdìbò gẹ́gẹ́ bí òfin náà ti wí, kí wọ́n lè gbé orúkọ rẹ̀ wá síbẹ̀.

Mo bẹ àwọn baálẹ̀, àwọn lémọ́ọ̀mù àti àwọn àlùfáà ìjọ, tí wọ́n máa ń mọ̀ nígbà tí èèyàn bá kú ní àdúgbò, kí wọ́n bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìpàtẹ tó pé, kó má baà di pé ọmọ òkú nìkan ni yóò ru ẹrù náà. Ẹ̀yin Olóòtú ni mo sì bẹ̀ jù. Nígbà tí INEC bá tún kéde ìpàtẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọjọ́ rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti máa ń gbé ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí gbọ̀ngàn tí orúkọ wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan wà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìkìrun, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun